Bí A Ṣe Ń Fi Wáyà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì So PS4 Mọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé Kí Ó Lè Rí Íntánẹ́ẹ̀tì Lò

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, PS4 wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ inú ilé kò ju ti fóònù lọ, tàbí ti MiFi kékeré kan tí kò ní ihò wáyà kankan lára. PS4 tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2013, tí a ṣì ń rí láàárín àwọn tokunbo dòní, kò lè gba Wi-Fi mìíràn àfi ti 2.4 GHz; àwọn Slim àti Pro tó jáde lọ́dún 2016 ni wọ́n fi 5 GHz kún tiwọn. Orí 2.4 GHz yìí kan náà ni ráútà gbogbo aládùúgbò, Bluetooth àti ẹ̀rọ máíkírówéèfù ti ń du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí géèmù fi máa ń dúró gbagidi nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ wọlé. Ihò wáyà tó wà lẹ́yìn PS4 yẹn kan náà sì rèé, ó lè gbé 1000 megabit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ohun tí aládùúgbò lè ṣe fún un. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ kọ́ yín ni bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ fóònù, tí yóò sì fi wáyà gbé e fún PS4.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ráútà yín, bí ẹ bá ní ọ̀kan. Bí ihò tí wọ́n kọ LAN sí lára bá ṣófo, ẹ fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí PS4 tààrà, kí ẹ má wulẹ̀ da kọ̀ǹpútà láàmú rárá. Bí ihò náà bá jẹ́ ẹyọ kan, súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré oníhò márùn-ún yóò pín in fún kọ̀ǹpútà àti PS4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà kọ̀ǹpútà wà fún ẹni tí kò ní ihò yẹn, tàbí ẹni tí ráútà rẹ̀ jìnnà débi pé kọ̀ǹpútà nìkan ni ó lè gba Wi-Fi rẹ̀ dáadáa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé òun ni yóò tú gbogbo ìdààmú tó bá yọjú. Ẹ̀rọ kì í dá sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfi bí ó bá ní àdírẹ́sì, ẹnì kan sì ni ó gbọ́dọ̀ fún un ní àdírẹ́sì náà, bí onílé ṣe ń fún ayálégbé ní yàrá. Nínú ètò wa yìí, fóònù ni onílé kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ni onílé PS4. Nígbàkígbà tí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó yẹ kí ó fún ta ní àdírẹ́sì, ṣé ó sì fún un?

Wáyà náà

Wáyà tí a nílò ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Cat5e tàbí Cat6, tí ó ní orí RJ45 ní ìkángun méjèèjì. Cat5e tó láti gbé 1000 megabit dé ọgọ́rùn-ún mítà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín ra èyí tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀nà tí kò ju láti tábìlì dé ìdí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ayédèrú. Àwọn wáyà kan wà lọ́jà tí inú wọn jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lórí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi abẹ ha okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ tí ó sì ń dán funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, kì í ṣe ojúlówó kọ́pà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ tètè máa ń kán níbi tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, kì í sì í bá ọ̀nà jíjìn lọ dáadáa.

Láyé PlayStation 2 àti Xbox àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ so ẹ̀rọ méjì pọ̀ tààrà láìsí súwíìṣì láàárín wọn gbọ́dọ̀ ra wáyà tí wọ́n ń pè ní crossover, èyí tí ìtò àwọ̀ ìkángun rẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń wá a kiri títí dòní. PS4 àti kọ̀ǹpútà ìgbàlódé kò nílò rẹ̀ mọ́, nítorí pé ihò wọn fúnra rẹ̀ ló ń mọ ọ̀nà tí wáyà gbà wá tí yóò sì bá a mu. Wáyà lásán tó tọ́ láti orí dé ìdí ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ fi orí sí wáyà fúnra yín, ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ bó awọ ìta rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó rí okùn mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹ di orí RJ45 mú kí etí tó ń tẹ̀ wọlé wà nísàlẹ̀, kí àwọn idẹ rẹ̀ sì kọjú sókè níwájú. Láti òsì sí ọ̀tún, ìtò tí a mọ̀ sí T568B ni: funfun olómi ọsàn, olómi ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun oníbúlúù, aláwọ̀ ewé, funfun oníbúráùn, búráùn. Ẹ kíyè sí i pé aláwọ̀ ewé méjèèjì kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìkejì wà ní àyè kẹfà, búlúù méjèèjì sì wà láàárín wọn. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á to àwọn àwọ̀ jọ bí ó ṣe wù ú, á ṣe ìkángun méjèèjì bákan náà, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ wáyà wò á sì tan iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún un, á rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n okùn méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni ó yẹ kí ó jọ gbé àmì kan, torí pé lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí àmì inú okùn kan dà pọ̀ mọ́ ti èkejì. Bí a bá tú wọn ká lọ́nà tí kò tọ́, iná á tàn, síbẹ̀ géèmù á máa já lemọ́lemọ́. Ẹ má tú lílọ́ náà kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí ẹ sì rí i pé awọ ìta wọ inú orí RJ45 kí ẹ tó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pa, kí ó má baà jẹ́ okùn tín-ín-rín nìkan ni ó ń gba agbára bí ọmọdé bá fà á.

Ohun mìíràn tó tan mọ́ èyí: megabit 100 kò nílò ju okùn mẹ́rin lọ, èyí tó wà ní àyè kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹfà, ṣùgbọ́n 1000 nílò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń sọ pé 100 ni ó ń lò nígbà tí ihò méjèèjì lè ṣe 1000, ó ṣeé ṣe kí okùn kan ti kán nínú àwọn mẹ́rin yòókù.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ihò wáyà, ẹ ra ohun tí a ń kì bọ USB tí ihò wáyà wà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì yan ti USB 3.0 bí ihò USB irú rẹ̀ bá wà lára kọ̀ǹpútà náà. Ìkìlọ̀ kan sì wà fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ti orí òrùlé wá láti ara rédíò kékeré: àpótí iná rẹ̀ ní ihò méjì, ọ̀kan LAN, èkejì PoE. Iná mànàmáná ń gba inú wáyà PoE gòkè lọ bá rédíò. Ẹ má ki wáyà PS4 tàbí ti kọ̀ǹpútà sí i láéláé, nítorí pé ó lè jó ihò náà.

Kí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dé orí kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí kọ̀ǹpútà gba Wi-Fi lọ́dọ̀ MiFi tàbí hotspot fóònù, ìyẹn Wi-Fi tí fóònù fúnra rẹ̀ ń pín. Bí fóònù bá gbà, ẹ lọ sí ètò hotspot rẹ̀ kí ẹ yan 5 GHz. Èkejì, tí èmi fẹ́ràn jù, ni kí ẹ fi wáyà USB tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tan “USB tethering” nínú ètò fóònù Android náà. Kò sí Wi-Fi rárá nínú ọ̀nà yìí, fóònù á sì máa gba iná bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. PS4 fúnra rẹ̀ kò lè gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara USB fóònù, ìyẹn ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ṣe pàtàkì níbí.

Ọ̀nà tó wù kí ẹ gbà, ẹ ṣí ojúewé kan lórí kọ̀ǹpútà kí ó dá yín lójú pé íntánẹ́ẹ̀tì wà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá ń lo VPN, ìyẹn ètò tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà mìíràn, ẹ pa á.

Bí a ṣe ń ṣe é lórí Windows 10 àti 11

Ẹ ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà àti PS4, kí ẹ tan PS4. Bí iná kékeré bá wà lẹ́bàá ihò kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ má ṣe ohunkóhun mìíràn àfi kí ẹ yí wáyà padà.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ ncpa.cpl sínú àpótí tó bá yọ, kí ẹ tẹ Enter. Ojúewé “Network Connections” yóò ṣí, ẹ ó sì rí àmì fún gbogbo ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà: Wi-Fi, Ethernet, àti èyí tó jẹ́ ti fóònù bí ẹ bá lo USB, tí wọ́n sábà máa ń kọ “Remote NDIS” sí lábẹ́. Ẹ mọ èwo ni èwo dáadáa. Bí Ethernet méjì bá wà, ẹ yọ wáyà PS4 fún ìṣẹ́jú kan, èyí tí àmì pupa bá hàn lára rẹ̀ ni ti PS4.

Ẹ wá fi bọ́tìnnì ọ̀tún asin (mouse) tẹ ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà WỌLÉ, ìyẹn Wi-Fi tàbí ti fóònù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á lọ tẹ Ethernet tó lọ sọ́dọ̀ PS4, wọ́n á sì máa pín ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ yan “Properties”, kí ẹ lọ sí “Sharing”, kí ẹ sì fa àmì sí àpótí tí ó sọ pé “Allow other network users to connect through this computer's Internet connection”. Bí àyè “Home networking connection” bá fara hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yan Ethernet ti PS4. Nígbà tí ẹ bá tẹ OK, Windows lè kìlọ̀ fún yín pé àdírẹ́sì Ethernet yóò di 192.168.137.1, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni àmì pé kọ̀ǹpútà ti di onílé, láti ìsinsìnyí lọ ni ó ti ń pín àdírẹ́sì fún ẹni tó bá so mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ọ̀gá kọ̀ǹpútà lè pọn dandan, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ sì lè kọ̀ jálẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń bójú tó o ti ti ilẹ̀kùn yìí pa.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Bí kọ̀ǹpútà bá sùn, íntánẹ́ẹ̀tì PS4 kú nìyẹn, yálà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti ku ìṣẹ́jú kan tàbí kò kù ú. Ẹ lọ sí ètò iná kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ní kí ó má sùn rárá nígbà tí ó bá wà lórí iná.

Lórí PS4

Ẹ lọ sí “Settings”, lẹ́yìn náà “Network”, lẹ́yìn náà “Set Up Internet Connection”, kí ẹ yan “Use a LAN Cable”, kí ẹ sì yan “Easy”. PS4 yóò béèrè àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì fún un. Nígbà tí ẹ bá tẹ “Test Internet Connection”, ẹ máa wo ìlà kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń jáde, torí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí ọ̀nà dé. Bí “Obtain IP Address” bá yege, iṣẹ́ wáyà àti ti kọ̀ǹpútà ti parí nìyẹn. Bí “Internet Connection” bá wá kùnà lẹ́yìn rẹ̀, ẹjọ́ náà wà láàárín kọ̀ǹpútà àti fóònù. Bí méjèèjì bá yege tí “PlayStation Network Sign-In” nìkan kùnà, ẹ yẹ orúkọ tí ẹ fi wọlé wò, kí ẹ tún wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ Sony fúnra wọn ń ṣàtúnṣe lọ́wọ́.

Ẹ ó tún rí “NAT Type”, èyí tó ń sọ bí ọ̀nà ṣe ṣí sílẹ̀ tó láàárín PS4 yín àti ti àwọn ẹlòmíràn. Oríṣi kejì ni a fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, nítorí náà oríṣi kẹta ni ẹ lè rí, pàápàá bí dátà fóònù bá ni ẹ ń lò. Ẹ ṣì lè gba géèmù sílẹ̀, ẹ sì lè bá ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó lè ṣòro láti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ tàbí láti wọ eré tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè yí padà lórí kọ̀ǹpútà tàbí PS4 tí yóò wo èyí sàn, nítorí pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ni ìdí rẹ̀ wà. Ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò lé e.

Bí kò bá ṣiṣẹ́

Ẹ padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ló yẹ kí ó fún ta ní àdírẹ́sì? Lórí PS4, ẹ lọ sí “View Connection Status”. Àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.137 fi hàn pé kọ̀ǹpútà ti dáhùn. Bí kò bá sí àdírẹ́sì, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ náà ké títí, kò rí ẹni dá a lóhùn. Ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí “Sharing”, ẹ tẹ OK, ẹ tún padà fà á sí i, kí ẹ tẹ OK lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè jọ ohun tí kò nítumọ̀, àmọ́ òun ni ó máa ń yanjú ọ̀rọ̀ náà jù lọ, pàápàá lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá kú tí a sì tún un tàn, nítorí Windows 10 máa ń gbàgbé pínpín yìí nígbà mìíràn.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ pa ètò agbóguntì-kòkòrò tí ẹ rà fúnra yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá òun ló dí ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fọwọ́ kọ àdírẹ́sì fún PS4. Ẹ tún tẹ “Set Up Internet Connection”, ṣùgbọ́n “Custom” ni kí ẹ yàn lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹ yan “Manual”, kí ẹ kọ 192.168.137.50 sí àyè IP, 255.255.255.0 sí “Subnet Mask”, 192.168.137.1 sí “Default Gateway”, àti 8.8.8.8 sí “Primary DNS”. MTU ni kí ẹ fi sí “Automatic”, kí ẹ má sì lo proxy.

Ìjà kan wà tí àwọn ènìyàn kì í tètè mọ̀ fà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà yín ń gbà bá ń wá láti ọ̀dọ̀ hotspot kọ̀ǹpútà Windows mìíràn, kọ̀ǹpútà yẹn náà ń lo 192.168.137.1. Onílé méjì ti ń jẹ́ orúkọ kan nìyẹn, kò sì lè ṣiṣẹ́. Ẹ gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù tàbí ráútà dípò rẹ̀.

Dátà

PS4 kì í bojú wo àpò ẹnikẹ́ni. Dísìkì kan ṣoṣo rẹ̀ lè gba tó 50 GB, àtúnṣe géèmù tuntun sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ GB láìbéèrè. Kí ẹ tó so ó mọ́ dátà fóònù rárá, ẹ lọ sí “Settings”, “System”, “Automatic Downloads”, kí ẹ yọ gbogbo àmì tó wà níbẹ̀. Ẹ tún lọ sí “Power Save Settings”, níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tí PS4 lè máa ṣe bí ó bá ń sinmi, kí ẹ yọ àmì kúrò nídìí “Stay Connected to the Internet”. Lórí Windows, ẹ sàmì sí Wi-Fi tàbí ọ̀nà fóònù náà gẹ́gẹ́ bí “Metered connection”. Èyí á dín ohun tí Windows ń gbà fún ara rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò lè dá PS4 dúró, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe ti PS4 lọ́tọ̀.

Wíwo géèmù lórí kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi wáyà HDMI so PS4 mọ́ láptọ́ọ̀pù nígbà tí àwọn ará ilé bá ń wo ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwòrán kankan kò sì yọ. HDMI ara láptọ́ọ̀pù sábà máa ń gbé àwòrán jáde ni, kì í gbà á wọlé. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ti so yìí ló lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ gba ètò PS Remote Play ti Sony sórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí “Remote Play Connection Settings” lórí PS4 kí ẹ fa àmì sí “Enable Remote Play”, kí ẹ fi orúkọ PlayStation kan náà wọlé níhà méjèèjì, kí ẹ sì fi USB so páádì mọ́ kọ̀ǹpútà. Nítorí pé inú wáyà ilé ni àwòrán ń gbà kọjá láti PS4 dé kọ̀ǹpútà, á mọ́ ju bí a bá fi Wi-Fi ṣe é lọ.

Fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ mìíràn

Lórí Mac, “Internet Sharing” wà lábẹ́ “Sharing” nínú “System Settings”; ẹ yan ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, kí ẹ sì yan Ethernet gẹ́gẹ́ bí ibi tí yóò gbà jáde. Lórí Ubuntu, ẹ ṣí ètò wáyà náà, kí ẹ lọ sí IPv4, kí ẹ yan “Shared to other computers”, 10.42.0.1 ni kọ̀ǹpútà yóò máa jẹ́ níbẹ̀ dípò 192.168.137.1. Xbox One àti Xbox Series kò nílò pé kí ẹ yan ohunkóhun, bí wáyà bá ti wọlé ni wọ́n á kọ Wi-Fi sílẹ̀ fúnra wọn, ẹ ó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní “Network settings”. Lórí PS5, “Set Up Internet Connection” ṣì wà lábẹ́ “Network”, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti yan wáyà. Nintendo Switch àkọ́kọ́ ti ọdún 2017 kò ní ihò wáyà lára ibùdó rẹ̀ (dock, ibi tí a ń gbé e sí láti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n), ẹ gbọ́dọ̀ ra ohun tí a ń kì bọ USB rẹ̀. OLED ti ọdún 2021 ti ní tirẹ̀ lára ibùdó náà.